Etí Ń Ríran: Ìgbésí Ayé Màmá Salome Àyọ̀ká Bámidélé, Ohùn Àwọn Afọ́jú ní Lọ́kọ́ja (1927–1991)

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn, láti òkè Agbaja, láti Kabawa, Karaworo àti Natako, àti ẹ̀yin tí ẹ fi ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya, ẹbí Bámidélé kí yín bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa: okun o. Ìyá wa kì í fẹ́ kí ènìyàn pẹ́ lórí ìkíni. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá fi ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ènìyàn, ìdajì tó kù ni yóò fi tọrọ gáfárà pé òun pẹ́ jù. Nítorí náà, a ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1927 ni wọ́n bí Màmá ní Agbaja, lórí òkè ní ilẹ̀ Oworo, níbi tí ènìyàn ti lè máa wo Lọ́kọ́ja nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo inú agbada. Pa Ọlájídé, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Títílayọ̀ ni ìyá wọn. Ìdílé tí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ti jọ ń jẹun nínú àwo kan ni ìdílé náà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di òní. Láti kékeré ni ohùn Màmá ti lókìkí. Bí oúnjẹ bá jinná, Títílayọ̀ kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sóko. Àyọ̀ká ni yóò gun orí àpáta, yóò sì pe bàbá rẹ̀ láti òkè. Pa Ọlájídé máa ń fi yangàn pé láti ìgbà tí ọmọ òun obìnrin ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun kò jẹ oúnjẹ tútù mọ́.

Ní ọdún 1935, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tí ó ń gbé ní Kabawa mú wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí Lọ́kọ́ja, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ilé ẹ̀kọ́ fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àdúgbò ni ó fún wọn ní ìyókù. Núpé ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún agbo ilé wọn, Haúsá lọ́wọ́ òsì, Ebira lẹ́yìn, Ígálà sì ni ìyá tí ń ta ẹja lẹ́nu ọ̀nà. Kí Màmá tó pé ọmọ ọdún méjìlá, kò sí èdè tí wọn kò lè fi ná ọjà nínú wọn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi, wọ́n gba orúkọ Salome, wọ́n sì wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké.

Nínú ẹgbẹ́ akọrin ni bàbá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runfẹ́mi Bámidélé, ti pàdé wọn. Ọmọ ilẹ̀ Ìjùmú ni bàbá wa, akọ̀wé ni wọ́n sì jẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ìtàn tí Bàbá fẹ́ràn jù ni pé ẹ̀yìn ni òun jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, pé òpó kan dí òun lójú, pé ohùn nìkan ni òun gbọ́ tí òun fi ṣèpinnu. Màmá máa ń dáhùn pé òpó yẹn ni ó gba òun là, nítorí wọn kò rí bí òun ṣe ń la ẹnu. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1949, wọ́n kọ́lé sí Natako, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ, Rónkẹ́ ni àkọ́bí.

Ọdún 1967, tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa àtijọ́, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlọrin, sílẹ̀ tí ogun abẹ́lé sì bẹ́, ni ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí ṣókùnkùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé létí odò tí ń ya lu òkúta mọ àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń jẹni níbẹ̀. Àrùn tí wọ́n ń gbé kiri ni ó wọ Màmá lára láti ìgbà ọmọdé tí wọ́n ti ń pọnmi lódò, tí kò sì hàn títí ó fi dé ojú. Fún ìgbà díẹ̀ wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ kíláàsì wọn ni ó kọ́kọ́ fura, tí wọ́n sì ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ ṣeré. Màmá á kàn dúró síwájú bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní, “Ìwọ tí o wọ bàtà ńlá ẹ̀gbọ́n rẹ, padà wá jókòó.” Ọmọ náà á padà wá tìyanutìyanu. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969, iná fìtílà pàápàá kò hàn sí wọn mọ́, wọ́n sì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

A kò ní purọ́ fún yín: ọdún náà le. Obìnrin tí ń pe ènìyàn láti orí òkè kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á jókòó sí yàrá láti àárọ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Bàbá wa ni ó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á jókòó ti Màmá, wọ́n á ka ìwé ìròyìn sí wọn létí. Ṣùgbọ́n onífẹ̀ẹ́ ènìyàn ni Bàbá. Ìròyìn ọkọ̀ tó já sí kòtò, wọ́n á fò ó. Ìkéde òkú, wọ́n á fò ó. Ogun, wọ́n á ní ó ti ń rọlẹ̀. Fún oṣù mélòó kan, Màmá gbà pé kò sí orílẹ̀-èdè tó tòrò tó Nàìjíríà láyé. Àfi ọjọ́ tí Patricia, aládùúgbò wa tí ó jẹ́ ọmọ Ígálà, wọlé wá tẹkúntẹkún nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Màmá bi í pé ọkọ̀ wo ni ó dànù. Patricia ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, pé ó kúkú wà nínú ìwé ìròyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá dúró de Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá Rónkẹ́, ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà fún mi, ta ni ó ń kọ ọ́?”

“Àwọn akọ̀ròyìn ni.”

“Rárá o. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ ọ́. Ojú mi ni ó fọ́, ọkàn mi kò fọ́. Ẹ máa ka gbogbo rẹ̀ fún mi, kí n lè mọ ẹni tí ó yẹ kí n lọ bá sunkún.”

Láti ọjọ́ kejì, Bàbá ń ka gbogbo rẹ̀, títí kan ìpolówó táyà kẹ̀kẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, wọ́n sì ń kígbe, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí kò ríran kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Igbe yẹn ni ó mú Rùfáì wá. Ọmọ Oworo ni Rùfáì, Mùsùlùmí, afọ́jú tí ń lọ́ okùn tà ní Kabawa. Ó ń kọjá lọ ni, ó gbọ́, ó sì bèèrè bóyá òun lè jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú ẹlòmíràn dání. Nígbà tí ó fi di ìparí ogun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò gba àwọn afọ́jú mọ́. Bàbá ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, Màmá ń sọ ọ́ ní Yorùbá àti Haúsá, Patricia sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ígálà. Bí Màmá ṣe tún di olùkọ́ nìyẹn, tí a sì tún ń gbọ́ ẹ̀rín wọn dé ìta. Ní ọdún 1971 wọ́n lọ sí Èkó láti kọ́ bráìlì, ìwé tí a ń fi ọwọ́ kà. Wọ́n padà dé pẹ̀lú ìwé ńlá méjì lórí, wọ́n sì ń ka Bíbélì nínú òkùnkùn biribiri nígbà tí àwa tí a ríran ń wá ìṣáná kiri.

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí ẹ̀ka rédíò kékeré kan sí Lọ́kọ́ja ní ọdún 1976, Màmá ní kí Patricia mú òun lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Màmá ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ ìdajì wákàtí tí a ó máa fi ka ìwé ìròyìn fún àwọn afọ́jú.

Ọ̀gá náà ní, “Ìyá, orin pọ̀ lórí rédíò wa. Àwọn afọ́jú fẹ́ràn orin.”

Màmá ní, “Ẹ̀yin náà fẹ́ràn orin, ọ̀gá. Ṣé ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ máa ka ìwé ìròyìn?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó fún wọn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì, àkókò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Màmá sọ ètò náà ní “Etí Ń Ríran”. Ní ọdún 1977, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ lílọ bíbọ̀, ìjọba fi í sínú ìṣúná owó ìpínlẹ̀: owó ọkọ̀ àwọn tí ń kàwé, owó téèpù, àti rédíò kékeré pẹ̀lú bátìrì fún afọ́jú tí kò bá ní. Wọ́n ń ka ìròyìn, wọ́n ń ka iye tí ẹja ń lọ, ọjọ́ tí dókítà ojú ń bọ̀, àti orúkọ àwọn òkú láìfo ẹnikẹ́ni. Ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ lórí èdè tí yóò ṣáájú. Màmá ní èdè ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ rédíò ni yóò ṣáájú. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kàwé ti ń yára dé tó bẹ́ẹ̀ tí olùṣọ́ ẹnu géètì lọ fẹjọ́ wọn sùn.

Ó ní ọjọ́ kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá yẹ iṣẹ́ wò, tí ó ní òun gbọ́ pé àwọn Ígálà ní òdìkejì odò náà ń gbọ́ ètò yìí, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ni òdìkejì odò. Màmá dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá wa sọ fún rédíò kí ó máa dúró ní àárín omi.” Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Èyí tó le jù dé ní ọdún 1984. Ìjọba ológun gorí oyè, wọ́n ń gé ìnáwó kù, ìwé sì wá láti Ìlọrin pé “Etí Ń Ríran” kì í ṣe kòṣeémánìí. Orin ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin, ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà. Gbogbo yín ni ẹ rántí bí a ṣe sáré lọ sí báǹkì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀, kí ni àwọ̀ jẹ́ lọ́wọ́ afọ́jú? Nígbà tí owó àtijọ́ ti kú tán, àwọn aláìṣòótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ná an fún àwọn tí kò ríran. Àlejò kan wá sí Kabawa, ó kó gbogbo okùn tí Rùfáì ti lọ́ láti ìgbà ọyẹ́, ó sì san owó. Rùfáì dé ọ̀dọ̀ oníbàbà láti ra oúnjẹ, wọ́n dá owó náà padà sí i lọ́wọ́. Ó wá sí ilé wa, kò tilẹ̀ jókòó.

Ó ní, “Màmá Rónkẹ́, wallahi, òkú owó ni wọ́n fi ra okùn mi.”

Màmá ní, “A ó gbé òkú náà lọ fún àwọn tí ó ni ín.”

Màmá, Rùfáì àti Patricia wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ìlọrin. Wọ́n jókòó de òṣìṣẹ́ àgbà tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi rẹ àwọn akọ̀wé láti máa lé wọn. Nígbà tí wọ́n wọlé, kí wọ́n tó jókòó ni ó ti ní, “Ìyá, kò sí owó.”

Màmá ní, “Owó ni a mú wá fún yín, sà.”

Wọ́n da owó Rùfáì pọ̀ mọ́ owó tuntun díẹ̀, wọ́n kó o sí i lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó di ojú kí ó yọ èyí tí ó kú kúrò. Ọkùnrin náà jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn. Ó di ojú, ó fọwọ́ pa wọ́n, ó tilẹ̀ gbóòórùn wọn. Ó na ọ̀kan síwájú, ó ní, “Èyí ni ó yè.”

Patricia ní, “Ọ̀gá, òkú lẹ dì mú yẹn o.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Rùfáì. Ó rọra sọ pé, “Okùn tí mo lọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó ni mo fi gba èyí, sà. Bí rédíò wa bá wà, wọn ì bá ti sọ fún mi kí n máa gba owó ẹyọ onírin, tí wọn kò pààrọ̀.”

Òṣìṣẹ́ náà la ojú rẹ̀, ó wo owó ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí. Màmá ní, “Ẹ má ṣèlérí, ọmọ mi. Ẹ ṣáà máa rántí bí ó ṣe rí lọ́wọ́ yín.”

Ó rántí. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba dá ìrànlọ́wọ́ náà padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ti tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn kan ń kùn, Màmá ní ìdajì àkàrà ń yóni ju òórùn rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí ètò náà padà sórí afẹ́fẹ́, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn afọ́jú bí wọn yóò ṣe máa gba owó: ẹni tí a mọ̀ ni kí a fi ṣe ẹlẹ́rìí, owó ẹyọ ni kí a bèèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Rùfáì síwájú maikirofóònù, wọ́n ní kí ó sọ bí àlejò ọjọ́sí ṣe ná okùn náà. Rùfáì kò mọ ojú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó sín ohùn rẹ̀ jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ó ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń wúkọ́ kí ó tó dárúkọ iye, bí ó ṣe ń pe gbogbo ènìyàn ní “ọ̀rẹ́ mi àtàtà”. Lọ́jọ́ kejì àwọn ọmọ Kabawa ti ń wúkọ́ kiri. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin náà fi wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú owó tuntun, níwájú ẹlẹ́rìí. Ó bẹ Rùfáì pé kí ó jọ̀wọ́ má tún sọ̀rọ̀ lórí rédíò mọ́, pé ìyàwó òun pàápàá ti ń pe òun ní ọ̀rẹ́ mi àtàtà.

Nínú ìjọ, Màmá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, wọ́n sì jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Wọ́n kọ́ ọmọ afọ́jú púpọ̀ ní bráìlì lórí tábìlì ìjẹun wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Eunice, tí wọ́n mú wá láti Karaworo nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, tí ó di ọmọ ilé wa, tí ó sì di olùkàwé àgbà ètò náà. Nígbà tí Bàbá lọ ní ọdún 1988, Màmá fúnra wọn ni ó fi ọwọ́ ka ìkéde òkú wọn lórí rédíò, pẹ̀lú gbogbo orúkọ, láìfo ẹyọ kan.

Ní ọdún 1990 ni wọ́n mú oògùn tuntun dé àwọn abúlé wa, èyí tí ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí kì í jẹ́ kí àrùn etí odò fọ́ni lójú. Kò sí ohun tó mú inú Màmá dùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Wọ́n ń kéde abúlé tí àwọn olóògùn ń lọ, ní gbogbo èdè, wọ́n sì ń dárúkọ àwọn baálẹ̀ tí ń fi nǹkan falẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, tí ìhà méjèèjì odò di ọ̀kan, Màmá ní ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí rédíò ti ń wí ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rán wa lọ sọ́dọ̀ ìjọba tuntun kí ètò náà má baà já sí àárín ìpínlẹ̀ méjì. Ìròyìn ayọ̀ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá pé ìpínlẹ̀ tuntun yóò máa náwó sí i. Olúṣínà, ọmọ wọn, bi wọ́n bóyá ọkàn wọn wá balẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ń bá ìjọba jà kí wọ́n máa náwó sí i. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ètò náà má rí olùgbọ́ tuntun, kí ojú ẹnikẹ́ni má fọ́ mọ́. Kí Ó gbọ́ tèmi.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1991, Màmá sùn, wọn kò jí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Rónkẹ́, Olúṣínà, Ọmọ́tọ́lá àti Adéòkè, pẹ̀lú Eunice tí wọ́n tọ́, ọmọ ọmọ mọ́kànlá, ọmọ ọmọ ọmọ kan, àti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní Agbaja. Patricia ní kí a kọ orúkọ òun mọ́ àwọn àbúrò. A ti kọ ọ́. Rùfáì àti àwọn olùgbọ́ “Etí Ń Ríran” lápá ọ̀tún àti lápá òsì odò náà wà pẹ̀lú wa níbí.

Ọjọ́ Ẹtì ni òní, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ètò náà yóò wáyé ní agogo mẹ́rin, nítorí Màmá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí òun bá kú, wọn kò gbọdọ̀ torí òun dá a dúró. Eunice bi wọ́n nígbà náà pé ṣé ìkéde òkú wọn ni òun yóò fi bẹ̀rẹ̀, tàbí ìkéde àwọn abúlé tí oògùn ń lọ. Màmá ní, “Oògùn ni kí o kọ́kọ́ kà. Èmi kò kánjú mọ́.”

Nítorí náà, ẹ̀yin alábàákẹ́dùn, bí a bá ti fi ilẹ̀ bo Màmá tán, ẹ bá wa jókòó, ẹ tan rédíò yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé dákẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ abúlé yín, ẹ lọ gba oògùn.

Salome Àyọ̀ká, ọmọ Ọlájídé, ọmọ òkè Oworo, aya Bámidélé: ẹ ti pè wá, a ti gbọ́. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Kí Ọlọ́run tí ó fún yín ní ohùn jẹ́ ojú àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí. Ó dàárọ̀ o, Màmá wa. Okun o.